Palenque, Ìlú Ọba Pakal

Ọmọ ọdún 12 ni Pakal nígbà tí ó gorí ìtẹ́ ní ọdún 615. Ìlú tí wọ́n fà lé e lọ́wọ́ ti fojú winá ogun: ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn jagunjagun ìlú Calakmul kó o, ní 599 àti ní 611. Àwòrán kan tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ní ààfin fi hàn bí ìyá rẹ̀, Sak K'uk', ṣe ń gbé adé fún un. Ọdún 68 ni ọmọ náà lò lórí oyè kí ó tó wàjà ní 683. Nígbà náà, ìlú tí ogun ti kó ti di ọ̀kan nínú àwọn ìlú Maya tí iṣẹ́ ọnà wọn gún régé jù lọ.

Lakamha' ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Àwọn ará Sípéènì ló sọ ọ́ di Palenque. Ẹsẹ̀ òkè ló wà, ní Chiapas, ní gúúsù Mẹ́síkò, níbi tí omi ti ń sun káàkiri. Kí odò Otolum má baà ba ilé jẹ́, wọ́n fi òkúta mọ ọ́n lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì fi òkúta bò ó lórí, omi wá ń gba abẹ́ gbàgede kọjá. Bẹ́ẹ̀, wọn kò ní irinṣẹ́ onírin, wọn kò sì ní ẹran tó ń fa ẹrù. Òkúta ni wọ́n fi ń gbẹ́ òkúta, ènìyàn ló sì ń rù ú.

Kan Bahlam, ọmọ Pakal, kọ́ tẹ́ńpìlì mẹ́ta tí wọ́n ṣí ní 692. Ṣùgbọ́n ní 711, àwọn ará ìlú Toniná mú ọba Palenque ní òǹdè. Ọdún 799 ni ọjọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ kẹ́yìn níbẹ̀, ara ìkòkò kan ni wọ́n sì kọ ọ́ sí. Lẹ́yìn náà ni ìlú tú, igbó sì gba ilé.

Ní 1787, Antonio del Río, ọ̀gá ológun ará Sípéènì, fi àáké àti iná pa igbó náà. Arìnrìn-àjò méjì, Stephens àti Catherwood, dé ní 1840. Ìwé tí èkíní kọ àti àwòrán tí èkejì yà ló jẹ́ kí aráyé gbọ́ nípa ìlú náà.

Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà lábẹ́ tẹ́ńpìlì ńlá tí ìwé kún ara ògiri rẹ̀. Ní 1949, awalẹ̀pìtàn Alberto Ruz Lhuillier ṣàkíyèsí pé òkúta pẹlẹbẹ kan nílẹ̀ tẹ́ńpìlì náà ní ihò lára, òkúta ni wọ́n sì fi dí àwọn ihò náà. Ó tún rí i pé ògiri kò tán síbi ilẹ̀. Ó ń lọ sísàlẹ̀. Wọ́n gbé òkúta náà, wọ́n bá àtẹ̀gùn tí wọ́n ti fi òkúta àti erùpẹ̀ dí fọ́fọ́. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi kó o. Ní oṣù Kẹfà 1952, wọ́n ti òkúta onígun mẹ́ta tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn, yàrá ibojì ọba sì ṣí.

Ìdérí pósí òkúta tó wà níbẹ̀ gùn tó mítà 3.8. Abẹ́ rẹ̀ ni egungun Pakal wà: ìlẹ̀kẹ̀ jade lọ́rùn àti lọ́wọ́, òrùka jade ní ìka, ìbòjú jade lójú, ẹbu tó pupa bí osùn sì bo gbogbo rẹ̀. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ara àtẹ̀gùn láti ibojì dé òkè. Àwọn onímọ̀ gbà pé kí ẹ̀mí ọba má baà yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó kù láyé ni wọ́n ṣe ṣe é.

Ní 1968, Erich von Däniken kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkọ̀ gbalasa òfuurufú ni ọkùnrin tí wọ́n gbẹ́ sára ìdérí pósí náà ń wà. Irọ́ ni, ìwọ̀sí sì ni fún àwọn tó gbẹ́ ẹ. Pakal ni, ó ń jíǹde bí àgbàdo, igi ayé sì dúró lókè rẹ̀.

Ìwé ara òkúta gan-an ló jẹ́rìí. Ní 1973, níbi ìpàdé kan ní Palenque, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Linda Schele, Peter Mathews àti Floyd Lounsbury, jókòó ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ka ìwé náà, wọ́n sì to orúkọ àwọn ọba ìlú náà tẹ̀lé ara wọn. Èdè Chol, tí àwọn ọmọ Maya ṣì ń sọ ní àwọn abúlé Chiapas lónìí, wà lára ohun tó ran irú àwọn òǹkàwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, nítorí ìbátan tímọ́tímọ́ ló jẹ́ sí èdè tí wọ́n fín sára òkúta wọ̀nyẹn. Ẹni tó bá ń béèrè ta ló kọ́ Palenque, àwọn ọmọ wọn wà níbẹ̀.