Ta Ló Láṣẹ Láti Sọ Pé Ká Padà? Ìtàn Àwọn Afinimọ̀nà Òkè Yìnyín Chamonix

Tó bá jẹ́ pé inú ọkọ̀ lẹ wà, ẹ ki íapíìsì bọ etí. Tó bá sì jẹ́ pé kíkà lẹ̀ ń kà á, ẹ fara balẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní London ló bí ọ̀rọ̀ tòní. Ó tu owó jọ, ó wọkọ̀ òfurufú lọ sí Chamonix, ìlú kékeré kan tó wà lẹ́sẹ̀ òkè Mont Blanc ní ilẹ̀ Faransé, ó sì sanwó fún afinimọ̀nà kan kó mú òun rìn lórí yìnyín. Wọn kò tíì rìn tó wákàtí méjì tí ọkùnrin yẹn fi dúró. Ó wo òkè, ó fi ọ̀pá gún yìnyín lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí wọ́n padà. Ojú ọjọ́ mọ́ kedere o! Oòrùn ń ràn! Inú bí ọ̀rẹ́ mi débi pé vóòsì nóòtì ìṣẹ́jú mẹ́fà ló fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní, "Èmi ni mo sanwó, òun ló wá ń sọ ibi tí mo máa dé fún mi?"

Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, yìnyín inú fírísà nìkan ni mo mọ̀. Àmọ́ ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Mo bá lọ wá ìtàn àwọn afinimọ̀nà yìí.

Kí àlejò tó máa sanwó láti gun òkè, àwọn ará Chamonix ti ń gùn ún nítorí oúnjẹ. Àwọn kan ń ṣọdẹ ẹran ìgbẹ́ kan tó jọ ewúrẹ́, àwọn mìíràn ń wá òkúta dídán tí wọ́n lè tà. Ọ̀kan nínú wọn, Jacques Balmat, àti dókítà abúlé náà, Michel Paccard, ni wọ́n kọ́kọ́ dé ṣóńṣó Mont Blanc, tó ga tó nǹkan bíi mítà 4,800, lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1786. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan láti Geneva, Horace-Bénédict de Saussure, gùn ún pẹ̀lú afinimọ̀nà 18. Ẹ tún un gbọ́: èèyàn 18! Láti ìgbà náà ni àlejò ti ń dé lọ́tùn-ún lósì, tí iṣẹ́ afinimọ̀nà sì ti di iṣẹ́ tó ń bọ́ ìdílé.

Ó wá ku ọdún 1820. Chamonix kò tíì di ti Faransé nígbà yẹn; abẹ́ ọba Sardinia ló wà, ọdún 1860 ló tó bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Dókítà kan tó ń ṣiṣẹ́ fún ọba Rọ́ṣíà, Joseph Hamel, dé pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì méjì láti Oxford. Wọ́n kó afinimọ̀nà, wọ́n gbéra. Lójú ọ̀nà, ojú ọjọ́ bàjẹ́, yìnyín tuntun sì bo gbogbo òkè. Àwọn afinimọ̀nà ní ó yẹ káwọn sọ̀ kalẹ̀. Hamel kò gbà. Òun ló sanwó, ẹ kúkú mọ̀.

Lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹjọ, bí wọ́n ṣe ń gba ara gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kọjá, yìnyín tuntun yẹn já kúrò lórí ti àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì gbá wọn lọ. Pierre Balmat, Pierre Carrier àti Auguste Tairraz já sínú ọ̀gbun inú yìnyín. Wọn kò rí wọn yọ. Afinimọ̀nà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Hamel àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì fẹsẹ̀ ara wọn rìn sọ̀ kalẹ̀.

Yìnyín tó wà lára òkè yẹn kì í dúró sójú kan. Ó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ bí odò, àmọ́ ìṣàn náà lọ́ra débi pé ojú kò lè rí i. Ọmọ ilẹ̀ Scotland kan, James Forbes, tó wọn bó ṣe ń yára tó, ti sọ ọ́ pé yóò tó nǹkan bí 40 ọdún kí odò yìnyín náà tó gbé òkú àwọn ọkùnrin yẹn dé ìsàlẹ̀. Lọ́dún 1861, lẹ́yìn ọdún 41, egungun àti aṣọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nísàlẹ̀ òkè. Wọ́n pe Joseph-Marie Couttet, ọ̀kan nínú àwọn afinimọ̀nà tó yè é lọ́jọ́ náà, tó ti di arúgbó, kó wá wò wọ́n. Ó dá wọn mọ̀. Nígbà tí mo kà á débẹ̀, mo gbé fóònù sílẹ̀ ná.

Ikú àwọn mẹ́ta yìí ló mú kí àwọn ará ìlú dá Compagnie des Guides de Chamonix sílẹ̀ lọ́dún 1821. Wọ́n ń dá owó sínú àpò kan, kí ìdílé ẹni tó bá farapa tàbí tó kú má bàa ráre. Wọ́n tún ṣe òfin pé ọlọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò máa kan. Tẹ́ ẹ bá ti wọ mọ́tò ní gáréèjì rí, ẹ mọ bó ṣe ń lọ: ọkọ̀ tó kàn ni ẹ máa wọ̀, kì í ṣe èyí tó wù yín. Ó dáa fún àwọn òṣìṣẹ́. Ní ti àlejò ṣá, ó lè máa wá ẹni tó mọ òkè náà bí ẹni mowó, kó sì jẹ́ lámọrín tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì ranlẹ̀ ló kàn. Wọ́n jà sí òfin yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò sì dá wọn lẹ́bi.

Ìgbà ẹ̀rùn ni gbogbo èyí o. Nígbà ọ̀gìnìntìn, ilé ni àwọn afinimọ̀nà máa ń jókòó sí. Ọjọ́ kúrú, òtútù le, yìnyín sì ń bo ẹnu ọ̀gbun tí èèyàn kò fi ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mary Isabella Straton, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó jogún owó ńlá, wà lára àwọn tó yí i padà. Ó ti pẹ́ tí òun àti afinimọ̀nà kan tó ń jẹ́ Jean Charlet ti jọ ń gun òkè. Lọ́jọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1876, nínú òtútù tó ń gé èèyàn jẹ, Isabella dé ṣóńṣó Mont Blanc pẹ̀lú Charlet, Sylvain Couttet àti alábàárù wọn. Kò sí ẹni tó ṣe é rí nígbà ọ̀gìnìntìn. Òtútù fẹ́ẹ̀ pa ìka rẹ̀ méjì. Ṣe ni wọ́n dúró, tí wọ́n fi yìnyín àti ọtí líle ra á. (Àwọn dókítà òde òní kò ní kẹ́ ẹ fi yìnyín ra á o.)

Kí ọdún yẹn tó parí, Isabella àti Charlet ti ṣègbéyàwó. Ọkọ so orúkọ ìyàwó mọ́ tirẹ̀, wọ́n ń jẹ́ Charlet-Straton. Ẹ lọ sọ ìyẹn fún àwọn ẹ̀gbọ́n wa kan kẹ́ ẹ wo ojú wọn! Charlet yìí kan náà ni wọ́n ní ó kọ́ ayé bí èèyàn ṣe ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta, nígbà tó ń bá òkè Petit Dru jìjàkadì. Ó ṣẹ́gun rẹ̀ lọ́dún 1879.

Lẹ́yìn èyí ni síkì dé. Dókítà ìlú náà, tóun náà ń jẹ́ Michel Payot, ń wọ síkì lọ wo àwọn aláìsàn rẹ̀, ó sì fa àwọn afinimọ̀nà wọ̀ ọ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1903, òun àti Joseph Couttet, Alfred Simond àti Joseph Ravanel fi síkì rin ìrìn-àjò láti Chamonix dé Zermatt ní Switzerland. Àwọn èèyàn ṣì ń sanwó fún afinimọ̀nà láti tọ ọ̀nà yẹn títí dòní. Nígbà tó fi máa di 1924, Chamonix ni wọ́n ti ṣe ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù àkọ́kọ́.

Mo wá padà sórí ọ̀pá tí afinimọ̀nà yẹn fi gún yìnyín. Yìnyín máa ń tò lé ara wọn ni, ìpele lórí ìpele. Bí ti ìsàlẹ̀ kò bá dì dáadáa, tí afẹ́fẹ́ wá kó òmíràn lé e, ẹsẹ̀ èèyàn kan péré tó láti já gbogbo rẹ̀ lulẹ̀. Oòrùn kò ní kó má ṣẹlẹ̀. Ó tiẹ̀ lè dá kún un. Ohun tí ọ̀pá ń wá nìyẹn: ibi tó le, tó sì ṣàdédé rọ̀ lábẹ́.

Mo ka ìtàn 1820 fún ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù. Ó dákẹ́ títí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó bi mí bóyá Hamel sanwó àwọn mẹ́ta tó kú. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó tẹ̀ mí láago pé òun ń padà lọ lóṣù Kejì, ọ̀dọ̀ afinimọ̀nà kan náà. Ó ní kí n fi owó díẹ̀ kún un.

Mi ò tíì gbé ìpè rẹ̀ látìgbà náà. Ẹ bá mi dá sí i lábẹ́ ibí yìí, ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.