Bátìrì Tí Wọ́n Ní Kò Gbọ́dọ̀ Fara Kan Ilẹ̀

Ilé wa ní Ìrẹsà Adú ni ọ̀rọ̀ òní ti bẹ̀rẹ̀. Tí a bá ti ṣe Kérésìmesì tán níbẹ̀, a ó ti ilẹ̀kùn pa, ó di Ọdún Àjíǹde. Bátìrì ínfátà méjì wà ní yàrá ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ kúrò, bàbá mi ní kí n wá pákó sí abẹ́ wọn: “Má jẹ́ kí wọ́n wà lórí sìmẹ́ńtì, ilẹ̀ á fa iná inú wọn.” Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a padà dé, méjèèjì ti kú pátápátá. Lórí pákó ni wọ́n kú sí o.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ibi tí ìkìlọ̀ yẹn ti wá.

Ní ọdún 1859, Gaston Planté, ará Faransé, ká abala òjé méjì pọ̀, ó fi nǹkan là wọ́n láàrin, ó sì rì wọ́n sínú ásíìdì. Òjé yìí kan náà ni àwọn olórìṣà Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Òun ni bátìrì àkọ́kọ́ tí iná rẹ̀ lè tán kí a sì tún dá a padà. Ní 1881, Camille Faure lẹ àpòpọ̀ ìyẹ̀fun òjé mọ́ abala òjé náà, iná tó ń gbà sì pọ̀ sí i. Nígbà tí Cadillac gbé ọkọ̀ tó ń fi iná ṣíná jáde ní 1912, tí kò sí pé à ń fi ọwọ́ yí irin mọ́, bátìrì di ara ọkọ̀.

Àpótí rẹ̀ ni ẹ jẹ́ kí a wò dáadáa. Láyé ìgbà náà, igi ni wọ́n fi ń ṣe òmíràn, tí wọ́n á fi ọ̀dà kùn ún nínú. Bí ilẹ̀ bá tutù, igi á mu omi, á wú, àpótí á sì máa jò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lo rọ́bà líle, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ṣì ń rí ọ̀nà gbà nínú rẹ̀, iná sì ń yọ́ jáde. Nítorí náà, ẹni tó kọ́kọ́ ní kí a wá pákó sí i kò parọ́. Plástíìkì ló dé lẹ́yìn wọn, kò sì sí ohun tí sìmẹ́ńtì lè fà jáde níbẹ̀. Àpótí yí padà, ìkìlọ̀ ò yí padà.

Kí ló wá pa tiwa? Àkọ́kọ́, a kò yọ wáyà. Ínfátà tí kò ṣiṣẹ́ kankan ṣì ń mu iná díẹ̀díẹ̀. Èkejì ni ooru. Bátìrì tí a kò lò rárá a máa pàdánù iná fúnra rẹ̀, bí ooru bá sì fi ìwọ̀n Celsius 10 lé sí i, ìpàdánù yẹn a fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ ro yàrá tí a tì pa lábẹ́ páànù nínú oṣù Kẹta. Bí iná bá sì ti tán, nǹkan funfun bí ẹfun á máa bo òjé inú rẹ̀. Tó bá pẹ́, á le gbagidi, kò sí ṣáájì tó máa ṣí i kúrò.

Àwọn òyìnbó tó ń fa ọkọ̀ ojú omi wọn gòkè nígbà òtútù ní ìṣòro tiwọn. Bátìrì tí iná ti tán nínú rẹ̀, ásíìdì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi lásán, ó lè di yìnyín kó sì fọ́ àpótí rẹ̀. Èyí tó kún kì í tètè dì. Ẹ̀rù ooru là ń bà, ẹ̀rù yìnyín ló ń bà wọ́n, iṣẹ́ kan náà ni: ẹ ṣáájì rẹ̀ kó kún, ẹ yọ wáyà, ẹ nu orí rẹ̀, ẹ gbé e síbi tó tutù. Bó bá jẹ́ olómi, omi bátìrì ni kí ẹ bù kún un, kì í ṣe ásíìdì. Ẹ máa fi mítà wò ó lóṣooṣù. Èyí tó kún máa ń tó fólítì 12.6, tó bá ti wá sí 12.4, ẹ tún un ṣáájì.

Ìyá àgbà mi kò mọ mítà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, nígbà tó sì yá, àwọn ibi tí kò sí iná ń fi bátìrì ọkọ̀ wò ó. Bàbá àgbà ní ọ̀kan. Wọ́n ní, “Bàbá yín àgbà kì í jẹ́ kí bátìrì sùn lébi. Bó wo nǹkan, bí kò wo nǹkan, á ní kí wọ́n gbé e lọ ṣáájì.”

Ẹni tó wá ra òkú bátìrì wa fẹ́ da ásíìdì rẹ̀ sẹ́yìn kànga kó tó gbé e sórí ìwọ̀n. Mo ké sí i kó dúró. Ní Thiaroye, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dakar ní Senegal, níbi tí wọ́n ti ń tú òjé inú bátìrì, ọmọdé 18 ló kú láàrin oṣù Kọkànlá 2007 sí oṣù Kẹta 2008. Inú erùpẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣeré ni òjé náà wà.

A ti ra méjì tuntun. Mọ̀lẹ́bí wa kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń mú kọ́kọ́rọ́ lọ lóṣooṣù, á tan jẹnẹrétọ̀, á ṣáájì wọn, á tún yọ wáyà. Pákó ṣì wà lábẹ́ wọn. Bàbá mi ò gbà kí n yọ ọ́.