Ọjọ́ Orí Kò Tó Ṣírò Ewu: Etíkun Cotonou àti Ọjọ́ Iwájú Ọmọ Aráyé

Ní ọdún 1993, J. Richard Gott, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ní Amẹ́ríkà, gbé ìṣirò kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Ó ní bí kò bá sí ìdí láti gbà pé àsìkò tí a bá nǹkan pàdé yàtọ̀, ọjọ́ orí nǹkan náà nìkan tó láti fi díwọ̀n iye ọjọ́ tó kù fún un. Gott ka ọjọ́ orí ọmọ aráyé sí nǹkan bí 200,000 ọdún. Nínú ìṣirò Gott, ìdá 95 nínú 100 ni ìdánilójú pé a ó tún lò ju 5,100 ọdún lọ, a kò sì ní lò ju mílíọ̀nù 7.8 lọ. Ìdí nìyí tó fi ń rọ̀ wá pé kí a tètè tẹ̀dó sí òfuurufú.

Èrò mi ni pé ibi tí ewu bá dúró sójú kan nìkan ni ìṣirò yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Níbi tí ọwọ́ ènìyàn bá ti ń yí ewu padà, ọjọ́ orí á máa tan ni jẹ. Etíkun Cotonou ní orílẹ̀-èdè Benin jẹ́rìí sí i.

Bí a bá fi ọjọ́ orí etíkun náà nìkan ṣírò ní ọdún 1960, kò sí ẹni tí ẹ̀rù ìbá bà. Ṣùgbọ́n ìgbì òkun níbẹ̀ ń gbé iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, ó ju mílíọ̀nù kan mítà kúbíìkì lọ lọ́dún. Èbúté tí wọ́n ṣí ní 1965 na ògiri òkúta wọ inú òkun, ó sì dínà mọ́ iyanrìn náà. Ilẹ̀ ń gbòòrò ní ìwọ̀-oòrùn ògiri. Lápá Akpakpa, ní ìlà-oòrùn ìlú náà, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ láìsí iyanrìn tí yóò dí i. Ìpìlẹ̀ ilé yọ síta, ògiri yàrá là sí méjì. Wọ́n mọ ògiri òkúta mìíràn sí Siafato, ní apá ìlà-oòrùn yìí kan náà, láti gba ibẹ̀ là. Ìparun náà kàn ṣí lọ sí ìlà-oòrùn rẹ̀ ni.

Ẹni tó bá ń gbèjà Gott lè sọ pé òun náà gbà kí a fi ohun tí a bá mọ̀ kún ìṣirò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. A sì mọ ohun púpọ̀ nípa ewu tó dojú kọ ọmọ aráyé. Nínú ìwé rẹ̀, The Precipice (2020), onímọ̀ ọgbọ́n orí Toby Ord fojú díwọ̀n ewu àjálù tí ọmọ aráyé kò ní lè bọ̀ nínú rẹ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kan. Èyí tó wá láti ara ìṣẹ̀dá, bí àpáta òfuurufú àti òkè ayọnáyèéfín, kò ju ìdá kan nínú 10,000. Nígbà tó ro ti ọwọ́ ènìyàn mọ́ ọn, ó di ìdá kan nínú mẹ́fà. Àbá ni, kì í ṣe ohun tí a fi òṣùwọ̀n wọ̀n. Síbẹ̀ ó fi ibi tí ewu pọ̀ sí hàn. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ibùgbé lórí Mars lè gba díẹ̀ nínú wa lọ́wọ́ àpáta òfuurufú. Ṣùgbọ́n ìyẹn kéré nínú ìṣirò Ord, a sì ti ń rí ọgbọ́n ta sí i láti orí ilẹ̀: ní oṣù kẹsàn-án 2022, ọkọ̀ DART ti NASA kọlu àpáta òfuurufú kan, Dimorphos, ó sì dín àkókò tí àpáta náà fi ń yípo kù ní ohun tó ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Lóòótọ́, ọ̀nà jíjìn lè dá àjàkálẹ̀ àrùn dúró. Kò lè dá ogun dúró láàárín àwọn tó gbé ohun ìjà wọn dání lọ. Kí a tó ná owó sórí ibùgbé tuntun, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wádìí ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ wa kọ̀ọ̀kan yóò bàjẹ́ níbòmíràn kí a tó ṣe é. Ìwádìí bẹ́ẹ̀ ló lè dín ìdá kan nínú mẹ́fà yẹn kù.