Boba Fett Oní-rọ́kẹ́ẹ̀tì: Ìtàn Ohun Ìṣeré Tí Kò Dé Ọjà

Nínú gbogbo ohun ìṣeré tí ilé iṣẹ́ Kenner ṣe láti inú sinimá Star Wars, kò sí èyí tí àríyànjiyàn rẹ̀ pọ̀ tó ti Boba Fett oní-rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọmọláńgidi ike kékeré ni, kò ga ju nǹkan bí íńṣì 3¾ lọ. Wọ́n polówó rẹ̀ lọ́dún 1979 pé yóò máa yin rọ́kẹ́ẹ̀tì láti ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó dé ọwọ́ àwọn oníbàárà kò lè yin ohunkóhun. Ìwọ̀nba àwòṣe ìdánwò tó ṣẹ́ kù ni àwọn olólùfẹ́ sinimá náà ń wá kiri títí dòní. Nítorí pé ìtàn tó rọ̀ mọ́ ọn tako ara wọn, ó yẹ kí a tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ.

Lọ́jọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1977 ni Star Wars bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé sinimá Amẹ́ríkà. Kenner, tó wà ní ìlú Cincinnati ní ìpínlẹ̀ Ohio, tí General Mills sì ni ín, ló gba àṣẹ láti ṣe àwọn ohun ìṣeré rẹ̀ lẹ́yìn tí Mego, ilé iṣẹ́ ohun ìṣeré mìíràn, ti kọ̀ ọ́. Òkìkí sinimá náà yára kàn ju bí iṣẹ́ ṣe lè yá lọ, ọjà kò sì tíì sí nílẹ̀ nígbà tí Kérésìmesì ń bọ̀. Páálí tí kò sí ọmọláńgidi nínú rẹ̀ ni Kenner pàtẹ. Ìwé kan wà nínú rẹ̀ tí òbí yóò fi ránṣẹ́, kí wọ́n lè fi Luke, Leia, Chewbacca àti R2-D2 ṣọwọ́ sí ọmọ nígbà tí ọdún bá yí. Wọ́n mú ìlérí náà ṣẹ níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1978. 

Àwọn ayàwòrán Star Wars, Joe Johnston àti Ralph McQuarrie, ló ya ìrísí Boba Fett, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá inú ìtàn náà. Kí ó tó dé inú sinimá rárá ni àwọn èèyàn ti mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1978, ẹnì kan wọ aṣọ rẹ̀, ó bá Darth Vader tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ ní ìlú San Anselmo ní California. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ó jáde nínú eré àwòrán tó wà nínú ètò ọdún Star Wars lórí tẹlifíṣàn CBS. Ọdún 1980 ni The Empire Strikes Back, sinimá tó kọ́kọ́ ti kópa, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Kenner rí i pé àárín ọdún méjèèjì yìí gùn, ó sì fẹ́ fi Boba Fett mú ọkàn àwọn oníbàárà dúró.

Bí ètò náà ṣe lọ rèé: ẹni tó bá ra ọmọláńgidi Star Wars mẹ́rin yóò gé ẹ̀rí rírà lára páálí wọn, yóò fi wọ́n ránṣẹ́ sí Kenner, a ó sì fi Boba Fett ránṣẹ́ sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yìn páálí ọjà ni wọ́n tẹ ìpolówó náà sí, pẹ̀lú àwòrán rọ́kẹ́ẹ̀tì pupa náà.

Oríṣi àwòṣe ìdánwò méjì ni àwọn òṣìṣẹ́ Kenner ṣe. Nínú àpò ẹ̀yìn Boba Fett, sípíríǹgì kan wà tí ń ti rọ́kẹ́ẹ̀tì jáde. Èèkàn kékeré kan ni wọ́n fi ń dè é, èyí tí ń rìn nínú ihò tóóró tí wọ́n gé sẹ́yìn àpò náà. Nínú àwòṣe àkọ́kọ́, ihò náà rí bí lẹ́tà L: wọn á fa èèkàn wálẹ̀, wọn á sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ọwọ́ bá kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, ó lè já. Nínú àwòṣe kejì, wọ́n yí ìdí ihò náà padà sókè bí lẹ́tà J, kí agbára sípíríǹgì fúnra rẹ̀ lè di èèkàn mú sínú kọ́rọ́ náà. Orúkọ lẹ́tà méjèèjì yìí ni àwọn olùkójọ ṣì fi ń pè wọ́n.

Ìdí tí Kenner fi yí ọkàn padà ni awuyewuye àkọ́kọ́. Àwọn kan ní ikú ọmọdé kan ló fà á: ohun ìjà kékeré tí ń fò jáde lára ọkọ̀ òfuurufú Battlestar Galactica tí Mattel ṣe ló há ọmọ náà lọ́fun, ìròyìn rẹ̀ sì gba Amẹ́ríkà kan ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1979. Àwọn mìíràn ní ẹ̀rọ Boba Fett fúnra rẹ̀ ni kò dúró dáadáa. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tako ara wọn. Yíyí tí wọ́n yí ihò L sí J fi hàn pé Kenner ti ń wá bí rọ́kẹ́ẹ̀tì kò ṣe ní máa já fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìdè tó lè mú kí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ má wọ ẹnu ọmọdé. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Mattel, kò sí ilé iṣẹ́ tó lè fojú fo ewu yẹn. Ti àwọn tó ní rọ́kẹ́ẹ̀tì Boba Fett gan-an ló pa ọmọ, irọ́ pátápátá ni.

Kenner lẹ rọ́kẹ́ẹ̀tì náà mọ́ àpò ẹ̀yìn pinpin. Ó lẹ bébà bo ìpolówó tó ti wà lára páálí, ó sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ pẹ̀lú ọmọláńgidi náà láti ṣàlàyé pé nítorí ààbò ni wọ́n ṣe yọ ẹ̀rọ náà kúrò. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè dá a padà kó gba òmíràn.

Awuyewuye kejì ló gba sùúrù jù. Àwọn àgbàlagbà kan ní Amẹ́ríkà ń fọwọ́ sọ̀yà pé èyí tó ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì ni àwọn gbà nílé lọ́mọdé. Kò yẹ kí a pe irú wọn ní òpùrọ́. Wọ́n rí àwòrán rẹ̀ lẹ́yìn páálí, ó sì pẹ́ kí ọmọláńgidi náà tó dé. Nígbà tó dé, rọ́kẹ́ẹ̀tì pupa yọrí lẹ́yìn rẹ̀ lóòótọ́. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú wọn tún ní ohun ìṣeré Mattel tó ń yin nǹkan ní tòótọ́. Ó rọrùn kí ọkàn pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn ọdún gbọọrọ. Síbẹ̀, kò tíì sí ẹyọ kan tí ẹnikẹ́ni fi hàn pẹ̀lú ẹ̀rí pé ètò ìfiránṣẹ́ yẹn ló ti wá. Lẹ́tà Kenner fúnra rẹ̀ ló sì parí ẹjọ́: ohun tí wọ́n yọ ni wọ́n ń ṣàlàyé fún gbogbo ẹni tó gbà á.

Àwọn àwòṣe tó ṣẹ́ kù ti ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ Kenner àtijọ́ jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ọ̀dà lára, àwọ̀ ike wọn lásán ni wọ́n wà. Àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ kùn ló ṣọ̀wọ́n jù. Ayédèrú pọ̀ nígboro, nítorí náà àwọn olùkójọ kì í fọkàn tán èyí tí kò bá ní ìtàn ọwọ́ tó ti kọjá.

Hasbro, tó ti ra Kenner mọ́ Tonka lọ́dún 1991, ṣe Boba Fett tuntun tó ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2010, ètò ìfiránṣẹ́ náà ni wọ́n sì tún fi pín in. Ní ti àwọn àwòṣe àtijọ́, Hake's ta ọ̀kan ní gbàǹjo ní dọ́là 185,850 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Lọ́dún 2024, Heritage Auctions ta òmíràn tí wọ́n fi ọwọ́ kùn ní dọ́là 525,000.