Ìkòròdú, Ẹnu-Ọ̀nà Rẹ́mọ sí Ọ̀sà

Ojú ìlú tí àwọn òṣìṣẹ́ Èkó ń sùn sí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo Ìkòròdú. Wọn a jí ní ìdájí, wọn a wọ mọ́tò tàbí ọkọ̀ ojú omi ní Ìpákòdó, ó di alẹ́ kí wọ́n tó padà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn kan ti ti ara rẹ̀ sọ pé èrò tó kún Èkó ní àkúnya ló sọ ibẹ̀ di ìlú. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé Rẹ́mọ ni Ìkòròdú kọ́kọ́ ṣe ẹnu-ọ̀nà fún.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu so orúkọ ìlú náà mọ́ Oko-Ọ̀dú, oko ewébẹ̀ tí àwọn tó ti Ọ̀fìn, ìlú Akàrígbò, wá dá síbẹ̀. (A tún gbọ́ pé àwọn kan ti Ìbíní wá bá wọn.) Oko yìí kò jìnnà sí ọ̀sà, èyí ló sì sọ ọ́ di ọjà. Ibẹ̀ ni iyọ̀, ìbọn àti ẹ̀tù ń gbà gòkè lọ sí Rẹ́mọ. Ibẹ̀ ni epo pupa ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Nígbà ogun Ìjàyè, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1860, Ẹ̀gbá dí ọ̀nà Abẹ́òkúta mọ́ Ìbàdàn, ọ̀nà Ìkòròdú sì di ohun tí a ń jà sí. Ìjà náà dé Ìperu pàápàá. Ní 1865, Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú. Glover, tó ń ṣàkóso Èkó, rán ọmọ ogun kọjá ọ̀sà, wọ́n sì lé wọn ní oṣù kẹta ọdún náà. Òwò Èkó ló ń gbèjà, kì í ṣe Ìkòròdú. Ní èrò tiwa, ọdún yìí ṣe pàtàkì ju 1894, tí Ìkòròdú bọ́ sábẹ́ Kólónì Èkó: ìwé 1894 kàn fi òǹtẹ̀ lu ohun tí ìbọn ti sọ ṣáájú ni.

Ní 1967, Ìkòròdú bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní 1976, Rẹ́mọ bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí ààlà ṣe wọ àárín ọmọ àti baba nìyẹn. Síbẹ̀, ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn ṣì ń gba Ìkòròdú àti Ṣágámù kọjá, títí tí a fi ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978. Láti ìgbà náà ni èrò ọ̀nà jíjìn ti dín kù. Àwọn alájílọ-alálẹ́bọ̀ ló wá gba ipò wọn, pàápàá lẹ́yìn tí ọkọ̀ BRT bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà Máìlì Méjìlá sí Ìkòròdú ní 2015. Ilé sì ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìwé nìkan. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ka ìtàn àtẹnudẹ́nu mọ́ ọ̀nà márùn-ún tí a lè gbà fi hàn pé ẹnì kan ló ni ilẹ̀. Ìdílé tí a bá sọ fún pé Èkó ló dá ìlú rẹ̀ sílẹ̀, tó sì gbà bẹ́ẹ̀, kí ni yóò rí sọ níwájú adájọ́?