Ọwọ́ Wíwẹ̀ Nídìí LibreOffice

"Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun." Ọmọ tó mọ̀wà hù la sábà máa ń fi òwe yìí yìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ohun tó béèrè ti kéré tó: kò ní kí ọmọ náà mọ ọbẹ̀ í sè, kò sì béèrè pé ọmọ ta ni. Òwe yìí ló yẹ ká pa fún ọ̀dọ́ tó fẹ́ bá wọn ṣe LibreOffice, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè ka kóòdù rẹ̀ kó sì tún un ṣe, ṣùgbọ́n tó ń fà sẹ́yìn nítorí ó rò pé iṣẹ́ àwọn ọ̀gá nìkan ni.

Àwọn àgbà ibẹ̀ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ lóòótọ́. Jámánì ni gbòǹgbò LibreOffice wà, ní ilé-iṣẹ́ Star Division tí Marco Börries dá sílẹ̀ ní 1985. Sun Microsystems rà á ní 1999, ó sì tú kóòdù sọ́fítíwíà tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ sílẹ̀ fáyé ní 2000 lórúkọ OpenOffice.org. Nígbà tí Sun bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Oracle ní 2010, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é yapa, wọ́n dá The Document Foundation sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n sì pe ẹ̀dà tiwọn ní LibreOffice.

Èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ àlàyé tó wà láàárín kóòdù àtijọ́ náà. Wọ́n wá sọ títúmọ̀ wọn sí Gẹ̀ẹ́sì di iṣẹ́ fún ẹni tuntun, lára èyí tí wọ́n ń pè ní Easy Hacks. Ẹni tó gbọ́ Jámánì tí kò tíì ní ìrírí èdè kóòdù C++ lè ṣe é nígbà náà. Lójú tèmi, àwọn tó ronú èyí gbọ́n ju ẹni tó ní kí àlejò kọ́kọ́ wá tún odindi ilé kọ́.

Kí wá ni ọwọ́ wíwẹ̀? Kí wọ́n tó gba kóòdù yín, ẹ ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ gbà kí wọ́n pín ohun tí ẹ bá ṣe lábẹ́ láísẹ́ǹsì MPL àti LGPL. Ẹ ó kọ́ gbogbo LibreOffice jọ láti inú kóòdù rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yín. Lórí ẹ̀rọ tí kò lágbára, èyí lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí (ẹni tí iná mànàmáná ń ṣe ségesège fún, kó yáa múra sílẹ̀). Lẹ́yìn náà ni Gerrit, níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń yẹ àtúnṣe wò kó tó wọlé. Ibí yìí ló ń lé ọ̀pọ̀ sá. Wọ́n lè dá iṣẹ́ yín padà nítorí àlàfo tí kò sí níbi tó yẹ, tàbí nítorí pé ẹ ti àtúnṣe méjì bọ inú ẹyọ kan. Ẹ má bínú. Ẹni tó ráyè ka iṣẹ́ àlejò ní ìlà dé ìlà ti ṣe àlejò lóore. Ẹ tún un ṣe, kí ẹ fi ránṣẹ́ padà.

Ẹni tí kò fẹ́ kọ kóòdù náà níṣẹ́. Bí ẹnì kan bá fi àbùkù sùn ní Bugzilla, níbi tí wọ́n ń kọ àbùkù sọ́fítíwíà náà sí, UNCONFIRMED ni wọn ń kọ sí i títí ẹlòmíràn yóò fi dán an wò, tí yóò sì rí i bẹ́ẹ̀. Níbí ni àwa Yorùbá ti ní ohun tí àwọn àgbà ọ̀hún lè máà ní. Lójú wa, ẹ́ jẹ́ lẹ́tà kan. Lójú kọ̀ǹpútà, méjì ni, ẹ àti àmì ohùn tó gùn ún lórí. Ṣé àmì náà jókòó dáadáa bí ẹ bá yí fọ́ǹtì padà? Ṣé ó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ sọ ìwé náà di PDF? Bí ó bá sá kúrò níbi tó yẹ, ẹ fi fáìlì kékeré kan tó fi í hàn ránṣẹ́, kí ẹ kọ orúkọ fọ́ǹtì náà àti nọ́ńbà ẹ̀dà LibreOffice tí ẹ ń lò sí i.