Ìsoríkọ́ Kì í Ṣe Àìsàn Òyìnbó

Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Wèrè tó bá wọjà, gbogbo ayé ni yóò rí i. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń rí ìyá tó jókòó sínú yàrá láti àárọ̀ dalẹ́, tí oúnjẹ kò wọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, tí oorun sì ti fi ojú rẹ̀ sílẹ̀? Nítorí pé àìsàn yìí kì í pariwo, àwọn kan sọ nígbà kan pé àwa kì í ṣe é.

Ní ọdún 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde tí J. C. Carothers, dókítà tó ti ṣiṣẹ́ ní Kenya, kọ. Ó ní ìsoríkọ́ ṣọ̀wọ́n láàárín adúláwọ̀. Ó tilẹ̀ fi ìrònú wa wé ti òyìnbó tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí iwájú ọpọlọ rẹ̀.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò. Dípò kí ó há àwọn aláìsàn mọ́, ó jẹ́ kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ní ọdún 1961, òun àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell kó àwọn òṣìṣẹ́ wọ abúlé àti ìgboro Abẹ́òkúta láti fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn lẹ́nu wò. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1963 fi hàn pé ìsoríkọ́ kò ṣọ̀wọ́n rárá. Àwọn ènìyàn kò ní orúkọ kan ṣoṣo fún un, ṣùgbọ́n wọ́n mọ àwọn àmì rẹ̀: ẹkún, àìróorun sùn, àìlèjẹun, àárẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òògùn náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn wa ti ń fi asofẹ́yẹjẹ mú wèrè rọlẹ̀. Lára ìbátan igi yìí, tó ń hù ní Íńdíà, ni wọ́n ti yọ reserpine ní ọdún 1952. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ṣàkíyèsí pé àwọn kan tó ń lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru bọ́ sínú ìbànújẹ́ ńlá. Ní ọdún 1957 ni Roland Kuhn ní Switzerland ròyìn imipramine, òògùn tó ń gbé ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì dìde. Òògùn tó wo wèrè kọ́ ni yóò wo ìsoríkọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ mọ àìsàn kí a tó fún ènìyàn ní òògùn.

Ní ọdún 1960, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó bá Lambo ṣiṣẹ́, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí orí ń gbóná, tí ojú ń ro, tí ìwé kò sì wọ̀ lọ́pọlọ mọ́. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti ọdún 2011. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀ bá ní orí òun ń gbóná, òògùn ibà ni a óò kọ́kọ́ rà fún un. Bí kò bá lọ, a ó ní ọ̀lẹ ni, tàbí kí a ní ayé ló ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì nítòsí, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú àìsàn bẹ́ẹ̀.

A bínú sí Carothers, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ wa bá ń sunkún lójú wa, tí a ní kò ṣe é, kí ni ìyàtọ̀ àwa àti òun?